Àmì Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Wa

Títí di òní, inú máa ń bí mi bí ẹnikẹ́ni bá kí mi kú iṣẹ́ nítorí lógò wa tó ń yọ nínú ímeèlì àwọn oníbàárà. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ ṣe bẹbẹ o! Bí ti báǹkì ńlá ni ímeèlì yín ṣe ń wọlé báyìí." Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ẹ ṣeun, màá sì wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ mi ṣe. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ara ṣe ni. Kò sì sí iṣẹ́ mìíràn láyé mi tó dùn mí wọ egungun bẹ́ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́fíìsì wa wà, lójú ọ̀nà tó já sí Ọjà Igbó. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá wa, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku, irú àwọn tí bàbá wọn àgbà ti bá òyìnbó míṣọ́nnárì ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n rí i pé àwọn arúgbó ló kù nílé, gbogbo ọmọ ti lọ sí òkè òkun. Wọ́n bá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. À ń lọ wo àwọn arúgbó náà nínú ilé wọn, à ń wo ìfúnpá wọn, à ń rí i pé wọ́n lo oògùn, pé wọ́n jẹun, pé òrùlé ò jò lé wọn lórí. Lópin ọ̀sẹ̀ a ó kọ ímeèlì sí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Èmi ni mo ń rí sí kọ̀ǹpútà àti ímeèlì. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé ní tèmi, nítorí náà ọ̀gá ní kí n máa yà wo àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé wọn wà. Tísà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ìgbà agbára wọn ṣe, wọn ò sì tíì gbà pé àwọn ti fẹ̀yìn tì. Etí wọn ti di pátápátá. Ariwo ò wúlò, fóònù ò wúlò, sílétì ni a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. A ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, wọ́n á kà á, wọ́n á sì fi ohùn tó ń dé òpópónà dá wa lóhùn. Bí mo bá gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún un ṣe ná kí wọ́n tó dáhùn ohun tí mo bi wọ́n. "Ìwé wo lo tiẹ̀ kà, ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà yìí?" Mo fẹ́ràn wọn bí ojú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí. Obìnrin ni, ọjọ́ orí tèmi àti tirẹ̀ ò jìnnà síra, Kánádà ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn. Bí Màmá bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ tísà àtijọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi kún ímeèlì ọ̀sẹ̀. Bí èsì bá dé, màá sọ ọ́ di ńlá lójú fóònù mi, màá gbé e fún wọn. Wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, wọ́n á wá bi mí pé kí ló dé tí kò sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ohun tí Màmá ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ojú àwọn àti ojú ọmọ àwọn ṣe mẹ́rin kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọn kì í fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Fóònù ilé ni wọ́n kọ́kọ́ jí. Àbúrò Màmá ọkùnrin, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, mú un lọ sọ́jà, wọn ò sì mú un bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó jí i ti ń fi orúkọ àbúrò Màmá kọ̀wé sí ọmọ náà ní Kánádà pé Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Ọmọ fi ohun tó ní ránṣẹ́. Nígbà tí olè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó kọ òmíràn: "Màmá ti kú. Mọ́ṣúárì ń béèrè owó." Gbàgà bẹ́ẹ̀, bí ẹni sọ òkúta sínú agbada. Ọmọ náà sunkún títí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a jókòó, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú. Orí ìyẹn ni ímeèlì ọ̀sẹ̀ tèmi wọlé, pé Màmá jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, pé wọ́n sì bá mi jà nítorí àmì ohùn.

Ẹ̀ bá rò pé ayọ̀ ló máa bá a. Ẹ̀rù ló bà á. Olè náà mọ orúkọ àbúrò Màmá, ó mọ àwọ̀ kọ́tìnì pálọ̀. Ọmọ Màmá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnìkan nínú ilé ló ń tú àṣírí fún wọn. Ó yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà ní tuntun, àti àbúrò Màmá pàápàá. Ó ní ímeèlì ilé-iṣẹ́ wa nìkan ni òun yóò máa gbà gbọ́.

Kò pẹ́ tí olè fi dé ibẹ̀ náà. Orúkọ wa wà nínú fóònù tó jí, bí fọ́tò pálọ̀ Màmá náà ṣe wà níbẹ̀, ímeèlì kì í sì í ṣe ohun tó ní ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ tó wù ú sókè rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dúró níta nínú òkùnkùn kó ní "èmi ni." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ìwé ọmọ Màmá: "Méjì ni ímeèlì yín tí mo gbà. Ọ̀kan ní màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, èkejì ní wọ́n jẹun, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ kan náà ló wà lókè méjèèjì. Mi ò mọ èwo lẹ jẹ́ nínú wọn. Ó ti rẹ̀ mí. Títí ẹ ó fi rí ọ̀nà fi hàn mí pé ẹ̀yin ni, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́."

Mo fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi fọ́tò Màmá sí i, fọ́tò tuntun, tiwọn pẹ̀lú sílétì lọ́wọ́. Kò dáhùn. Ta ló fẹ́ gba fọ́tò gbọ́ láyé tí a wà yìí, tí kọ̀ǹpútà ń ya ẹni tí kò sí níbẹ̀?

Bí mo bá wá wọ ilé Màmá, kí n tó rí ibi jókòó, wọ́n á ti béèrè: "Ó ti dáhùn?" Mo kọ ọ́ sí sílétì pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún kọ ọ́. Kí ni ǹ bá kọ? Pé ọmọ yín rò pé olè ni wá?

Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, nítorí àwọn oníbàárà mìíràn náà ti ń kùn. Mo ti kàwé nípa rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ni ímeèlì ti dá ọ̀nà kan sílẹ̀. Bí o bá ti orúkọ ímeèlì rẹ pa kí ayédèrú má lè gba ibẹ̀ kọjá, tí o fi lógò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé tìrẹ ni, tí àwọn ayẹ̀wéwò òkè òkun sì yẹ̀ ọ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀ tí wọ́n fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, lógò rẹ á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ nínú ímeèlì oníbàárà, pẹ̀lú àmì búlúù kékeré tó ń sọ pé a ti yẹ ẹni yìí wò. Olè lè jí orúkọ rẹ, kò lè jí ìyẹn.

Ọ̀gá wò mí. "Ṣé ọmọ Màmá Ọ̀yọ́ á wá gbà wá gbọ́?"

"Á gbà wá gbọ́, mà."

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn."

Títi ímeèlì pa kò le, èmi nìkan ló ṣe é. Lógò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọwọ́ méjì tó di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú ni lógò wa. Lára ògiri ọ́fíìsì ó dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ di kékeré bí èékánná, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é, ọ̀pá di ọmọ odó. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yọjú wò ó, ó ní, "Ta ló ń gúnyán?" Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kí ni mo tún ń retí? Mo tún un yà títí ọ̀pá fi di ọ̀pá. Lọ́yà bá wa gbé e lọ sí Àbújá, Àbújá sì gbé e jókòó. Oṣù ń gorí oṣù. Bí mo bá pe lọ́yà, á ní ó wà lórí tábìlì. Mo wá kórìíra tábìlì tí mi ò rí rí. Láàárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí tírélà á há wa mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn èrò á máa bú dírẹ́bà, èmi á máa bú tábìlì yẹn nínú mi.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Màmá ń joro. Ìwé tí wọ́n ń kọ ò dúró ṣánṣán mọ́, lẹ́tà ti ń ṣubú lu ara wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo tún kọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí sílétì, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo ló ń bàjẹ́ láti ìgbà ọ̀gbìn títí dé ìgbà ìkórè? Bí ọmọ mi bá ti kú, sọ fún mi." Mo kọ ọ́ ní gàdàgbà pé ọmọ yín ò kú, ara rẹ̀ le, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí kò fẹ́ mi mọ́?" Mo nu sílétì.

Nígbà tí Àbújá dá wa lóhùn níkẹyìn, àwọn ayẹ̀wéwò òyìnbó tún gbà á níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí ojú ọ̀gá lórí fídíò. Wọ́n fẹ́ rí ìwé ìdánimọ̀. Wọ́n wá béèrè nọ́ńbà ilé. Ọ̀gá ní, "Bá mi sọ fún un pé bó bá ti dé Ọjà Igbó, kó béèrè ilé Nọ́ọ̀sì." Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ńbà lòun ń béèrè. A lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n wá inú ìwé wọn, wọ́n rí i pé ilé náà ní nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò lò rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Onílé kùn ún sára ògiri. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Ó yọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mi ò retí rẹ̀. Mo ṣí ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí ara mi, mo sì rí wa: ọwọ́ méjì, ọ̀pá kan, àmì búlúù. Mo lọgun. Ọ̀gá sáré jáde, wọ́n wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn, gbogbo ọ́fíìsì gbè é. A kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà pé bí wọ́n bá ti rí àmì yìí, àwa ni, kí wọ́n gba ohun tí a bá kọ gbọ́, èyí tí kò bá ní in, kí wọ́n dà á nù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nírọ̀lẹ́, tí à ń padà sí Ọ̀yọ́, nígbà tí èsì ọmọ Màmá wọlé. "Mo rí i. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀yin ni lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màmá mi?" Mo sunkún láàárín èrò. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo ní rárá, mà, ayọ̀ ni.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti gbé èsì fún Màmá, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àìsàn tó ti ń yọ́ wọn jẹ ti dìde lójijì. Dókítà tọ́jú wọn ní ìwọ̀nba ọjọ́, ó wá pe àbúrò Màmá àti ọ̀gá wa sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí a máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n wà láàárín àwọn èèyàn wọn, bí a bá sì ní ẹni tí a fẹ́ ránṣẹ́ pè, ká ránṣẹ́ pè é. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ní lọ́kàn, nítorí kò sí ẹni tí kò yé.

Àwa mẹ́ta jókòó ní pálọ̀ Màmá, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi. Ọ̀gá ní ká sọ ọ́ fún ọmọ náà bó ṣe jẹ́.

Àbúrò Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Háà, Nọ́ọ̀sì! Ọmọ tó dá wà nínú yàrá nílẹ̀ onílẹ̀? Bó bá dákú, ta ló máa gbé e? Àwọn olè ló ń sọ̀rọ̀ sí i gbàgà. Àwa kì í ṣe olè. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi."

Nọ́ọ̀sì ni ọ̀gá, wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà, wọ́n ti rọra sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí. Wọ́n ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá." Àbúrò Màmá ń sọ ọ́, ọ̀gá ń tún un ṣe, èmi ń tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ le lẹ́nu ọjọ́ díẹ̀ yìí. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, kò sí ìbẹ̀rù. Bí ààyè bá gbà yín, ẹ gbìyànjú kí ẹ yọjú sí wọn. Inú wọn yóò dùn láti rí yín."

Mo kà á tán, orí mi wú. Mi ò mọ ọmọ Yorùbá tí wọ́n á kọ irú èyí sí nípa ìyá rẹ̀ tí kò ní fò dìde. "Kò sí ìbẹ̀rù" yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Mo fi ránṣẹ́, àmì wa jókòó ti orúkọ wa lórí rẹ̀.

Èsì dé kí àbúrò Màmá tó mu omi tán. "Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé ọwọ́ yín ni wọ́n wà, àti pé kò sí ìbẹ̀rù. Màá tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra bísíkítì tí wọ́n fẹ́ràn fún wọn."

Àbúrò Màmá ní kí n tún un kà. Wọ́n mi orí, ojú wọn rọ̀. "Ó ti yé e. Ọmọ gidi ni. Ṣé ẹ rí bó ṣe ń fi bísíkítì bo ọ̀rọ̀? Ó ti ń di ẹrù. Kò fẹ́ kí ọkàn wa dàrú ni." Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí olè ti fojú rẹ̀ rí màbo kò ní kọ ọjọ́ ìrìnàjò rẹ̀ sínú ímeèlì, èyí yé gbogbo wa. A jókòó níbẹ̀, à ń yin ọmọ náà fún ọgbọ́n tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Kérésì ṣì jìnnà, òjò ṣì ń rọ̀.

Mo wọ yàrá, mo kọ ọ́ sí sílétì: ỌMỌ YÍN Ń BỌ̀. Màmá kà á. Wọn ò wá àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gba sílétì náà, wọ́n gbé e lé àyà, ṣọ́ọ̀kì kun aṣọ wọn, wọn ò sì jẹ́ kí a gbà á. Wọ́n ní ká yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Mi ò lè gbàgbé ìdúródè yẹn. Etí wọn ò lè gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń dúró níta, wọn ò lè gbọ́ ìró bàtà, ojú nìkan ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bí kọ́tìnì bá ti mì báyìí, wọ́n á gbórí sókè. Èmi ló máa ń jẹ́, tàbí obìnrin tó ń wẹ̀ wọ́n, tàbí atẹ́gùn. Màá rí ojú wọn bó ṣe ń là, màá sì rí i bó ṣe ń padà kú. Ó wá dé ibi tí mi ò fẹ́ wọlé mọ́. Màá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè, màá ro ohun tí mo fẹ́ kọ. "Ó ti dé Èkó?" wọ́n á ní. Màá kọ pé ó kù díẹ̀. Wọ́n á ní kí n bá wọn di gèlè, kí ọmọ má bàa bá wọn pẹ̀lú orí funfun. Mo ń di gèlè yẹn, mo sì ń tú u.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí pé Màmá papò dà, pé wọ́n sùn, pé wọ́n ti relé. Gbogbo rẹ̀ ti sú mi. Màmá kú. Ọ̀sán ni, èmi àti àbúrò wọn wà níbẹ̀, ojú wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé.

Àbúrò Màmá ló sọ ohun tí a ó kọ nígbà yẹn náà: "Àìsàn Màmá ti le sí i. Ẹ tètè máa bọ̀." Èyí náà ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Màmá ò dúró kọ èsì, ó wọ bàálù. Súwẹ́tà ló gbé bọ̀ fún ìyá rẹ̀, àti oògùn olówó iyebíye. Nígbà tó wọ agboolé, tó rí àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n kí i káàbọ̀ láìwo ojú rẹ̀, àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un. Ó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá Màmá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i lójúkojú. Ó jọ Màmá títí dé bí ó ṣe ń gbé àgbọ̀n. Ó ní kí n jókòó, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Àwa ni."

"Ẹ bá mi kà á. Níbo ni wọ́n ti sọ ọ́ níbẹ̀ pé màmá mi ń kú lọ?"

Mo wo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tó wú mi lórí ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún un kà nísinsìnyí lójú fóònù tirẹ̀, lábẹ́ lógò wa, ó sì dà bí ẹni ń ròyìn òjò. Ara kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìtọ́jú ń lọ. Kò sí ìbẹ̀rù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí àgbà ṣe ń sọ ọ́ ni. A rò pé ó yé yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà burú. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni? Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Ká ní Ọ́ńkù mi ló pè mí, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an létí mi, ǹ bá sáré dé áàpọ́ọ̀tù láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọ́ńkù mi ló kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ló kọ ọ́. Ó ní àmì. Bí báǹkì bá kọ̀wé sí mi pé kò sí ìbẹ̀rù, ṣé màá tún máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀ ni? Ẹ ní kí n gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Gbogbo lílọ àti bíbọ̀ yẹn, tábìlì Àbújá, ọ̀dà lára ògiri, ọ̀pá tí mo yà tí mo tún yà, mo rò pé ọ̀nà ni mò ń là láàárín ìyá àti ọmọ. Ká tó ní àmì, kò ka ìwé wa. Lẹ́yìn tí a ní àmì, ó kà á bí ìwé òyìnbó. Èyíkéyìí tí à bá ṣe, Màmá ò ní rí ọmọ. Mo jókòó níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà tí mo lè kọ́ láyé mi tó lè tún èyí ṣe.

Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "Ṣé wọ́n béèrè mi?"

Mo ti pinnu kí n tó wọlé pé bó bá béèrè ohunkóhun, màá sọ òótọ́ fún un láìbò. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Wọn ò jìyà rárá. Wọ́n kàn rọra sùn ni."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò sí fóònù láàárín wa, kò sí lógò, ẹnu mi nìkan ló ti gbọ́ ọ.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè mi nìyẹn," ó ní.

Mi ò lè ní rárá. Ó di etí àga mú, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀.